Ìlú Tí Wọn Kì Í Bá Àlejò Jà

Iwin náà ti gbé ẹsẹ̀ òsì mi mì dé orúnkún kí n tó ráyè sọ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn pé kí wọ́n dúró.

N kò pariwo. Èmi tí mo ti bá erin jìjàkadì, tí erin sì bẹ̀ mí, n kò lè torí orúnkún pariwo. Mo kàn sọ pé, "Ẹ rọra. Ó ń jẹ mí lọ́wọ́."

Lájídé, má rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ náà nìyí. Wo àpá eyín.

"Bàbá, wọ́n ní ajá ló bù yín jẹ níbẹ̀ lọ́jọ́sí."

Ajá náà jẹ nínú rẹ̀. Ti ajá ló wà nísàlẹ̀. Ti iwin ló wà lókè.

Ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ̀rọ̀. Ẹ ní àwọn kan sá ogun dé láàárọ̀ yìí, wọ́n wà ní ilé ìwé, gbogbo yín sì ti gbé ìkòkò kaná. Ẹ ní èmi ti kó irú wọn rìn rí, kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo ń sọ ọ́. Ẹ jókòó.

Àwọn tí mo kó lẹ́yìn nígbà náà, ará Òkè-Ìlasa ni wọ́n. Ogun ti jó ìlú wọn. Mo ń tọpa ẹfọ̀n kan lọ ni mo bá wọn lábẹ́ igi. Wọ́n ní kí n mú wọn dé ibi tí èèyàn ń gbé. Mo fi ẹfọ̀n náà sílẹ̀. Ó mọ̀ pé mo ṣe òun lóore.

Obìnrin kan wà nínú wọn, Àwẹ̀ró. Ó ga, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ó so kèrègbè kékeré kan mọ́ ìdí. Èso ilá Òkè-Ìlasa ló wà nínú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló ká èso náà tó sì sá a. Ọkọ yìí kò bá wọn jáde. Obìnrin náà kò sọ ìdí rẹ̀, èmi náà kò béèrè. Ó ní bí òjò àrọ̀kúrò bá fi kọjá kí òun tó gbin èso yẹn, kòkòrò á jẹ ẹ́ tán, ilá wọn á sì parí láyé. Ohun tó ń wá kò ju ilẹ̀ lọ. Ó ní bí ó bá fẹ̀ tó ẹní méjì, ó ti tó òun.

Bàbá ọkọ rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Ládépò ni wọ́n ń pè é. Àgbà tó máa ń ṣàwàdà nígbà tí kò yẹ ni.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mi. Elétí-Gbogbo-Ara ni orúkọ iwin náà. Kò ní ojú. Etí ló bò ó láti òkè délẹ̀ bí ewé ṣe ń bo igi. Òun ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà igbó, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì ní: kí ni ẹ ń sá fún? Bí ohun tí o sọ bá kéré, á ní kò tó nǹkan tí èèyàn ń torí rẹ̀ sá. Bí ó bá pọ̀, á ní irọ́ ni. Èyí ó wù ó jẹ́, yóò gbé ọ mì.

Ó ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi. "Kí ni ẹ ń sá fún?"

Ọkùnrin kan ní iná jó ilé òun.

"Kò tó," ni iwin wí. "Mo gbọ́ iná tó jù bẹ́ẹ̀ lọ lánàá."

Ẹni tó tẹ̀ lé e ti gbọ́n. Ó ní iná jó ilé, ó jó odò, ó jó òṣùpá.

"Irọ́." Eyín rẹ̀ gòkè sí i lára itan mi.

Ládépò wúkọ́. Ó ní, "Ìwọ sọ irú èyí tí ò ń fẹ́, ká bá ọ sọ ọ́. Ó ti rẹ̀ wá."

Gbogbo etí náà dìde. "Ò ń bú mi?"

"Èmi kẹ̀? Mo ń ràn ọ́ lọ́wọ́ ni."

Àwẹ̀ró wá bọ́ síwájú. Ó ní, "Mo gbé ẹ̀wà kaná. N kò mọ̀ bóyá ó jóná."

Iwin náà dúró. "Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"N kò mọ̀. N kò sí níbẹ̀ mọ́."

"Ṣé o fi omi sí i?"

"Mo fi sí i. Kò pọ̀."

Etí iwin náà lọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ewé tí oòrùn pa. Ó pọ ẹsẹ̀ mi jáde. Ó ní, "Ẹ kọjá. Bí ẹ bá gbọ́ nípa ẹ̀wà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sọ fún mi."

Bí mo ṣe ṣẹ́gun Elétí-Gbogbo-Ara nìyẹn. Ẹsẹ̀ mi ló dá a dúró.

A dé Ìlú Iwájú-Díẹ̀. Ọmọlúàbí ni wọ́n níbẹ̀. Apá ọ̀tún wọn gùn ju àkàsọ̀ lọ, nítorí pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ọ̀nà han àwọn tó ń wá ibi tí wọ́n máa gbé. Apá òsì wọn dà bíi tiwa. Wọn kò fi í ṣe nǹkan kan.

"Ẹ kú ìrìn o," ni wọ́n wí. "Ẹ mà dára o. À bá gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú kan wà níwájú díẹ̀ tó dára ju tiwa lọ fún irú yín."

Wọ́n nawọ́. Apá wọn kọjá lórí wa bí igi tó wó dábùú ọ̀nà. Òun la tẹ̀ sọdá odò wọn. N kò lè sọ pé wọn kò ràn wá lọ́wọ́.

Ìlú tó wà níwájú díẹ̀ náà ni Ẹ-kú-àbọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: n kò rí irú ìlú bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ti rí ìlú tí orí wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wa lókèèrè. Wọ́n jáde tọmọdé tàgbà. Wọ́n wẹ ẹsẹ̀ fún wa, wọ́n sì fi ọṣẹ sí èyí tí iwin gbé mì, ẹ̀ẹ̀mejì ni. Ilé àlejò wọn dára ju ilé Baálẹ̀ lọ. Àga onítìmùtìmù ló kún inú rẹ̀. Wọ́n ní kí a jókòó. A jókòó. Oúnjẹ dé. A jẹ ẹ́. Òmíràn dé.

Láàárọ̀, Àwẹ̀ró mú ìgbálẹ̀. Obìnrin kan tó ń gbé lódìkejì ilé àlejò figbe ta, ó sáré wá, ó já a gbà. Ojúọlápé ni orúkọ rẹ̀. Òun ló lójú àánú jù nínú ìlú náà.

"Ẹ̀yin kẹ̀! Kí ẹ gbálẹ̀! Kí ni wọ́n á máa wí nípa wa? Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi. Ìyà tí ẹ jẹ ti tó."

"Ọkọ́ ńkọ́?" ni Àwẹ̀ró wí. "Ẹ lè yá mi ní ọkọ́?"

Omi bọ́ lójú Ojúọlápé. "Ọkọ́! Lọ́wọ́ àlejò! Ẹ fi wá sílẹ̀, kí a tọ́jú yín. Ẹ tún sọ ti iná yẹn fún wa."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Láràárọ̀ ni wọ́n ń wá pẹ̀lú aṣọ ìnujú. Wọ́n á ní kí àwọn àlejò sọ ti iná. Àwọn ará Òkè-Ìlasa á sọ ọ́. Àwọn ará ìlú á sunkún dáadáa. Wọ́n á padà sílé, inú wọn á dùn, wọ́n á sì jẹun dáadáa. Ọjọ́ tí Àwẹ̀ró ní òun kò ní ohun tí òun lè sọ mọ́, wọ́n jókòó, wọ́n ń dúró. Wọ́n ní kò sí ìyọnu, kí ó fara balẹ̀, yóò rántí.

Ẹsẹ̀ Ládépò ni mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Ó ń rìn lọ sí ìdí oúnjẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀.

Mo ní, "Ládépò, o kò tẹ ilẹ̀ mọ́."

"Mo mọ̀," ni ó wí. "Orúnkún kò dùn mí mọ́. Má sọ fún wọn."

Mo wá gbójú sókè. Èèyàn ló kún abẹ́ àjà. Wọ́n fẹ̀yìn lé igi òrùlé bí àdán. Ọkùnrin wà, obìnrin wà, irùngbọ̀n àwọn mìíràn gùn wálẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ohunkóhun tí èèyàn bá sọ fún wọn, "Ẹ ṣeun" ni wọ́n ń dáhùn. Àwọn obìnrin ìlú ní ọ̀pá gígùn tí wọ́n so igbá mọ́ lórí. Òun ni wọ́n fi ń gbé oúnjẹ sókè fún wọn.

Mo lọ bá Baálẹ̀. Mo bi í pé, "Àwọn wo ló wà lókè yẹn?"

"Àwọn àlejò wa àtijọ́ ni. A kì í lé àlejò níbí."

"Wọn kò kanlẹ̀."

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe?" Ó wo ojú mi. Ó dá a lójú pé mo ń yìn ín.

Bàbá onírùngbọ̀n kan lára àwọn tó wà lókè sọ̀rọ̀ sí mi nígbà tí àwọn olóúnjẹ lọ tán. Ó ní, "Ọlọ́dẹ, a kò ṣe rere kan níbí, a kò ṣe ibi kan. Èèyàn kì í wúwo níbi tí kò ti ṣe nǹkan kan. Obìnrin kan wà lára wa nígbà kan tó ṣèèṣì da omi sí ọmọ Baálẹ̀ lára. Ọmọ náà bínú sí i, ó bú u. Obìnrin náà ja lulẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n na ọmọ náà. Láti ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni kò bínú sí wa mọ́."

"Obìnrin náà ńkọ́?"

"Wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ó ti padà sókè. Òun ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá àjà yẹn." Obìnrin náà juwọ́ sí mi. Ó ní, "Ẹ ṣeun."

Èmi kò fò. Ìbọn mi wúwo, ara mi náà wúwo. Ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ Àwẹ̀ró ti ń gbéra nílẹ̀, òjò àrọ̀kúrò sì ti ń dínkù. Mo pinnu pé mo máa wá ìjà fún wọn. Ẹ mọ̀ mí. Kò sí ìlú tí mo wọ̀ tí n kò rí ẹni bá jà.

Mo lọ bá Baálẹ̀ níwájú àwọn ìjòyè rẹ̀. Mo ní orí rẹ̀ dà bí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé sójò.

Ó mi orí náà. "Ẹ jẹ́ kí ó sọ ọ́ jáde," ni ó sọ fún wọn. "Ara á tù ú."

Ládépò náà gbìyànjú. Ó fò kọjá, ó fi ẹsẹ̀ gbá ìkòkò ọbẹ̀ dànù. Wọ́n ní, "Ẹ wo bí ogun ṣe ń ba èèyàn jẹ́!" Wọ́n se òmíràn, wọ́n fi ẹran kún un. Lọ́jọ́ kejì, Ládépò tún gbá a dànù. Ó ní ìjà lòun ń wá. Èmi rò pé ẹran ni.

Àwẹ̀ró kò bú ẹnikẹ́ni. Ó wọ ibi ìdáná ilé àlejò, ó gbé ọmọ ọlọ, ó fi ọ̀já pọ̀n ọ́n sẹ́yìn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè kanlẹ̀. Àwọn ará ìlú rí i. Ojúọlápé káwọ́ lérí. "Ó ti sọ òkúta dọmọ! Yé, ó mà ṣe o!" Odindi ìlú sunkún lọ́jọ́ náà. N kò rí wọn kí inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró jáde tòun tòkúta lẹ́yìn. Ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn ilé àlejò, tó lọ títí dé etí odò, tí ẹnikẹ́ni kò dá oko sí. Oko ẹ̀yìnkùlé Ojúọlápé ló fara tì í. Ojúọlápé gbin ata síbẹ̀, ó gbin ilá, gbogbo rẹ̀ tò gbọọrọ. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. Kò ní ọkọ́, ìka ló fi gbẹ́ ilẹ̀. Ó da èso rẹ̀ sọ́wọ́, ó ń fi í sínú ihò ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀, bí wọ́n ṣe ń gbìn ín ní Òkè-Ìlasa. Kò mọ̀ pé orúnkún òun ti wọ inú ata.

Ojúọlápé jáde wá da omi ìdọ̀tí nù. Ó rí i.

"Ta ló tẹ ata mi mọ́lẹ̀?"

"Èmi ni," ni Àwẹ̀ró wí. "Ẹ má bínú."

Ojúọlápé la ẹnu. Mo wà nídìí igi níbẹ̀, mo rí àánú bí ó ṣe ń bọ̀. Ó ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tún lọ sílẹ̀, ó rí ilá náà.

"Kí wá nìyí? Wọ́n ń gbin ilá ní òkìtì báyìí?"

"Bí a ṣe ń gbìn ín nìyí."

"Níbo?"

"Òkè-Ìlasa."

"A jẹ́ pé wọn kò mọ ilá gbìn níbẹ̀ nìyẹn."

Àwẹ̀ró dìde. Ó fi ọwọ́ nu ẹ̀gbẹ́ aṣọ. Ó wo ilá Ojúọlápé láti ìbẹ̀rẹ̀ poro dé òpin. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n gbìn? Ẹ̀yin tí ilá yín rí bí ìka ọmọ tuntun?"

Ìlú ti ń pé jọ. Gbogbo wọn mí kanlẹ̀.

"Ilá ta ni?" ni Ojúọlápé wí. "Ilá ta lo sọ̀rọ̀ sí? Ìwọ obìnrin yìí! O tẹ ata mi, o tún ń bú ilá mi! O jókòó sínú ilé láti ọjọ́ yìí, ò ń jẹ, ò ń mu, o kò lè la ojú kí o rí poro tó wà nílẹ̀? Ọ̀bùn! Aláìmọ-ààlà! Olórí kunkun!"

A gbọ́ ìró kan nínú ilé àlejò: gbìì!

"Ìdí mi o!" Ládépò ló ń ké. Ojúọlápé kò tilẹ̀ bú u tààrà. Ó ní bàbá ọkọ ẹni tí wọ́n bú lòun, tòun náà wà níbẹ̀.

Baálẹ̀ sáré dé, fìlà rẹ̀ dorí kodò. "Ojúọlápé! Kí lo ṣe yìí? Àlejò ni!"

"Àlejò wo? Àlejò ń tẹ ata?"

"Fi orí jì í. Jẹ́ kí ó máa lọ jókòó."

"Kò ní í jókòó! Ó ti jókòó jù! Yóò dúró síbí kó wò ó. Ẹ lọ gé pèrègún wá. Ẹ rì í sáàárín èmi àti obìnrin yìí, kó lè mọ ibi tí kò gbọdọ̀ kọjá mọ́."

Ẹ̀yin náà mọ pèrègún. Nílùú wọn, bíi tiwa níbí, òun ni wọ́n ń rì sí ààlà oko. Bí wọ́n bá rì í, ilẹ̀ ẹnì kan ni ìhín, ilẹ̀ ẹnì kejì ni ọ̀hún. Ẹnikẹ́ni kì í fà á tu. Wọn kò rì í rí sáàárín ọmọ ìlú àti àlejò.

Baálẹ̀ ní, "Kò ṣeé rì. Obìnrin yìí kò ní ilẹ̀ níbí."

"Kò ní ilẹ̀, ó wá ń bá mi jà lórí ilẹ̀? Ṣé afẹ́fẹ́ ni mo ń bá jà láti àárọ̀ ni? Ẹ fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé Ojúọlápé ń dá jà nínú oko?" Ó fi ẹsẹ̀ fa ìlà. "Ìhín ni tèmi. Ọ̀hún ni tirẹ̀. Ẹ rì í!"

"Ibo ni tirẹ̀ dé?"

"Kí ó dé ibi tí n kò ti ní í rí ojú rẹ̀!"

Ibẹ̀ ni etí odò. Baálẹ̀ wo àwọn ìjòyè. Àwọn ìjòyè wo ilẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ dúró níwájú Ojúọlápé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, èmi tí mo bá erin jìjàkadì pàápàá kò fẹ́. Wọ́n gé pèrègún wá, wọ́n sì rì í.

Àwẹ̀ró tú ọ̀já. Ó gbé ọmọ ọlọ kalẹ̀ sí ìhà tirẹ̀. A ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò gbéra. Ó kúnlẹ̀, ó ń bá ilá gbígbìn lọ.

Ojúọlápé kò lọ. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèrègún, ó ń wò ó. "Fi àyè sí i," ni ó wí.

"Gbọ́ ti oko ẹ," ni Àwẹ̀ró wí.

Òjò rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ilá hù kí àrọ̀kúrò tó tán.

Baálẹ̀ ní ìtìjú ńlá ni fún ìlú. Ṣùgbọ́n nǹkan ti bàjẹ́. Ládépò tó ti bọ́ sílẹ̀ ń ta ayò pẹ̀lú àwọn àgbà, wọ́n sì ní ó ń rẹ́ àwọn jẹ. Ẹnì kan jágbe mọ́ obìnrin ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá àjà nítorí pé ó ń dà á láàmú bó ṣe ń sọ "Ẹ ṣeun". Gbìì. Ẹnì kan ní irùngbọ̀n bàbá yẹn ń wọ inú ọbẹ̀. Gbìì. Nígbà tó yá, ìjà ta ni yóò kọ́kọ́ pọnmi lódò, ewúrẹ́ ta ló jẹ iṣu ta, ló gba ìlú kan. Kò sí ẹni tó ráyè sunkún mọ́.

Ọjọ́ tí mo ń lọ, wọn kò sìn mí. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Mo gba ẹ̀yìnkùlé. Àwẹ̀ró ń ro oko, ọkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ́ Ojúọlápé ni. Ojúọlápé wà ní ìhà kejì pèrègún, ó ń sọ fún un pé kò mọ ọkọ́ dì mú.

Àwẹ̀ró gbójú sókè. "Ọlọ́dẹ, ẹ ń lọ? Tí ẹ bá gba ọ̀dọ̀ iwin yẹn, ẹ bá mi sọ fún un pé ẹ̀wà náà jóná."

Mo bi í bí ó ṣe mọ̀.

"Mo ti mọ̀ tipẹ́," ni ó wí. Ó padà sí oko rẹ̀.

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà. Iwin náà kò gbé ẹsẹ̀ kankan mì lọ́jọ́ yẹn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

"Bàbá, ṣé kí a wá lọ bú àwọn tó wà ní ilé ìwé ni?"

Lájídé, ọmọ dáadáa ni ìyá rẹ. Rárá. Ẹ gbé oúnjẹ yín lọ, ebi ń pa wọ́n. Tí wọ́n bá jẹun tán, ẹ má béèrè ti ogun. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n gbìn, kí ẹ sì fi ilẹ̀ hàn wọ́n. Ìjà á dé fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ yín.

"Ilé àlejò wọn yẹn ńkọ́?"

Ewúrẹ́ ló ń sùn síbẹ̀. Ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ sókè ṣì wà lára ògiri. Ìbẹ́pẹ ni wọ́n fi ń ká.